Kò Dùn Mí

Iṣẹ́ tí Ardith Combs ń ṣe jẹun ni pé kó máa sọ fáwọn èèyàn pé kò sí ohun tóun lè ṣe fún wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ìjọba ni, ó sì ti wà lẹ́nu ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní Ìgbìmọ̀ Iná, Omi àti Tẹlifóònù, nínú yàrá kan ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bá fi ayé ni ẹnì kan lára, ìwé kan péré ni Ardith máa kọ. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á ti rán ọkùnrin kan tó gbé àkàbà dání lọ sílé onítọ̀hún. Agbára wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ nígbà yẹn.

Lẹ́yìn náà làwọn aṣòfin jókòó, wọ́n ní ayé ti yí padà. Wọ́n ṣòfin pé ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìpè tó bá gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá. Waya bàbà àtijọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù sábẹ́ ìgbìmọ̀, ojoojúmọ́ ni waya náà sì ń dín kù. Ohun tí wọ́n fún Ardith dípò agbára ni Lẹ́tà Kẹsàn-án. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì nìkan lèèyàn máa fi kún un: "A dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé sí wa. Ó dùn wá pé òfin kò fún wa láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ yín." Ó dùn wá. Irọ́ ni, kò dun ẹnikẹ́ni. Ní ọdún tó kọjá, igba ó lé mẹ́wàá ni Ardith fi ránṣẹ́, nígbà tó yá kò tiẹ̀ ka ohun tó wà nínú ẹ̀ mọ́.

Ìparí oṣù Kẹjọ ni ìwé Mossie Slone dé, lórí tákàdá onílà tí wọ́n fa ya nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni ìyá náà, Caney Lick ni wọ́n ń gbé, nínú àfonífojì kan ní òkè lọ́hùn-ún, tó fi wákàtí mẹ́ta jìnnà sí olú-ìlú. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí wọ́n dá waya àtijọ́ àwọn, tí kì í kú bí iná bá lọ, padà kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Caney Lick nìyí, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí Ardith. Láàárọ̀, ní aago méje, Àǹtí Mossie á pe Delphia Fugate, àbúrò wọn ní ọdún méje, tó ń gbé lódìkejì odò. Tẹlifóònù á dún lẹ́ẹ̀mejì nílé Delphia, wọ́n á gbé e sílẹ̀, Delphia ò sì ní dáhùn. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé mo ti jí, ara mi le. Nírọ̀lẹ́ Delphia náà á pè, lẹ́ẹ̀mejì, pé mo fẹ́ lọ sùn, ó dàárọ̀. Bí àkókò bá kọjá tí tẹlifóònù ò dún, ẹni tó ń retí rẹ̀ á wọ bàtà, á lọ wò ó. Ọkọ àwọn méjèèjì ti kú, àwọn ọmọ wọn ti wá iṣẹ́ lọ sí Ohio, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù alágbèéká ò sì dé inú àfonífojì yẹn rí.

Nínú oṣù Kejì, yìnyín já waya iná lódìkejì odò. Iná wà nílé Àǹtí Mossie, kò sí nílé Delphia. Ní aago méje Àǹtí Mossie pè. Wọ́n gbọ́ ọ létí ara wọn pé ó dún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n lọ bu kọfí. Wọn ò mọ̀ pé ohùn tí ẹni tó ń pè ń gbọ́, ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe é sí i létí. Nílé Delphia, àpótí tuntun tí wọ́n fi rọ́pò waya àtijọ́ ti kú láti òru, bátìrì inú rẹ̀ ti tán, kò dún rárá. Delphia jókòó ti tẹlifóònù títí di aago méje ààbọ̀, ó ní ó parí, Mossie ti kú. Ó wọ bàtà, ó jáde láti lọ wò wọ́n. Orí afárá pákó tó wà lórí odò ló ti yọ̀ ṣubú. Ìgbáròkó rẹ̀ kán, ọ̀sán sì ni ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà tó rí i níbẹ̀. Ilé àwọn arúgbó ní ìsàlẹ̀ ìlú ló wà báyìí, kò sì lè rìn mọ́.

"Èmi wà nílé tí mò ń mu kọfí," ni Àǹtí Mossie kọ síbẹ̀, "ó sì dùn mí dé egungun."

Ardith ṣí Lẹ́tà Kẹsàn-án, ó tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì sí i. Ló bá wò ó, ó pa á rẹ́, ó gbé tẹlifóònù.

"Ta nìyẹn?"

"Ardith Combs ni, mà. Láti Ìgbìmọ̀."

"Combs. Combs ti ibo?"

"Ti Otter Branch, mà."

"Ṣé ìwọ ni ọmọ Estill, èyí tó máa ń tún ọkọ̀ ṣe?"

"Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí."

"Ìyá ńlá ẹ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se jáàmù èso ápù. Kí ló wá gbé ọ dé ọ̀dọ̀ ìjọba?"

"Ebi ni, mà."

Àǹtí Mossie rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òótọ́ ló sọ, òun ò tíì rí ẹni tí ìfẹ́ gbé débẹ̀. Ardith bi wọ́n bóyá ilé-iṣẹ́ náà béèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó yí tẹlifóònù padà.

"Ọmọbìnrin kan pè mí. Ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun ń bọ̀, tẹlifóònù á wà nínú ẹ̀, màá máa rí àwọn ọmọ lójúkojú. Mo sì ń rí wọn o. Ọmọ ọmọ mi tó kéré jù ti hu eyín méjì. Mi ò bá íńtánẹ́ẹ̀tì jà, ọmọ mi. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bí iná bá ti lọ tí bátìrì sì tán, tẹlifóònù á kú. Iná wa máa ń lọ fún ọjọ́ márùn-ún. Bí èmi náà bá ṣubú ńkọ́? Delphia ò lè wọ bàtà mọ́. Ta ló máa wá wò mí?"

Ardith kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n fi ìpè yẹn ránṣẹ́ sóun, torí ó mọ̀ pé wọ́n máa ń gba ohùn èèyàn sílẹ̀. Ó mọ ìdí tó fi béèrè. Òfin fi ihò kékeré kan sílẹ̀: bí oníbàárà bá kọ̀ tí ilé-iṣẹ́ sì yí i padà tipátipá, waya bàbà ni waya rẹ̀ lójú òfin síbẹ̀, ìgbìmọ̀ sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà.

Ohùn náà dé. Ardith àti Royce Halloran, agbẹjọ́rò ìgbìmọ̀, jọ gbọ́ ọ nínú ọ́fíìsì Royce. Ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ títí bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó wá béèrè pé, "Ṣé ẹ fẹ́ ká gbé tẹlifóònù yín sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mà?" Ohùn Àǹtí Mossie sì dáhùn pé, "Kò dùn mí." Ó tán síbẹ̀.

Royce fi ọwọ́ lu tábìlì. "Ó kọ̀! Ardith, o gbọ́ ọ, obìnrin yìí ní kò dùn mọ́ òun. A ti mú wọn."

"'Kò dùn mí' ni wọ́n sọ."

"Ọ̀kan náà kọ́ ni?"

Ardith kó ìwé rẹ̀, ó padà sí yàrá rẹ̀.

Ọ̀kan náà kọ́. Ní òkè, bí wọ́n bá ní kí o ṣe nǹkan, tí o sì dáhùn pé kò dùn mí, ohun tí o sọ ni pé kò ni mí lára, mo gbà, tìfẹ́tìfẹ́ ni. Ará olú-ìlú tó bá gbọ́ ọ á rò pé ohun náà ò dùn mọ́ ọ, o kọ̀ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ èyí, Ardith ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó débi iṣẹ́ yìí, ọ̀gá rẹ̀ bi í bóyá ó lè bá òun to àwọn fáìlì, ó fi ẹ̀rín dáhùn pé, "Kò dùn mí, sà." Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé e lọ sílé. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi parí, bí ó bá kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́n á ní "Ìyáàfin Kò-Dùn-Mí ń bọ̀." Láti ọjọ́ náà ló ti gbọ́n, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní olú-ìlú, kò sì jẹ́ kí gbólóhùn yẹn tún bọ́ lẹ́nu òun mọ́.

Bí ọmọbìnrin orí tẹlifóònù yẹn ṣe wá kọ "ó gbà" síwájú orúkọ Àǹtí Mossie, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ òkè. Ó sì lè jẹ́ pé "ó gbà" ni wọ́n ń kọ síwájú orúkọ gbogbo èèyàn.

Títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, Ardith ò sọ nǹkan kan. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò parọ́, òun kàn dákẹ́ ni. Kí ló kàn án? Royce ni agbẹjọ́rò, òun akọ̀wé lásán. Bó bá dákẹ́, Àǹtí Mossie á rí waya wọn gbà kí yìnyín tó dé. Ilé-iṣẹ́ náà ò ní kú nítorí waya kan. Àmọ́ bó bá jókòó síbi oúnjẹ, á máa gbọ́ ohùn ìyá náà, tó fi gbogbo ọkàn gbà fún àjèjì, torí pé èèyàn dáadáa ni wọ́n, inú á sì máa bí i, kò mọ ẹni tó ń bínú sí.

Ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé Àǹtí Mossie wá sí olú-ìlú nínú oṣù Kẹwàá. Aṣọ àwọ̀ búlúù ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì gbé ìgò jáàmù èso ápù kan wá fún Ardith nínú báàgì wọn. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Royce bẹ̀rẹ̀ sí wọn létí, ó ní, "Mà, bí wọ́n bá bi yín, ẹ ṣáà ní ohun tí ẹ sọ lẹ sọ." Àǹtí Mossie wò ó láti òkè délẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Whitlow ló ń gbọ́ ẹjọ́ náà, àgbàlagbà jẹ́jẹ́ tí ojú rẹ̀ máa ń rẹ̀ láago méjì ọ̀sán. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Kendra Voss, ló kọ́kọ́ dìde. Ardith ti múra tán láti kórìíra rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

"Sà, ìpè tó kúrò ní Caney Lick lè gba ìpínlẹ̀ mẹ́ta kọjá kó tó dé ilé tó wà lódìkejì odò. Ìpínlẹ̀ wo ló máa pàṣẹ fún un? Bí àádọ́ta ìpínlẹ̀ bá ṣe àádọ́ta òfin, kò sẹ́ni tó máa gbé íńtánẹ́ẹ̀tì gun òkè yẹn mọ́. Nítorí òfin yìí la ṣe gbé e débẹ̀. Ìyáàfin Slone fúnra wọn ń fi í rí ọmọ ọmọ wọn."

"Mò ń rí i," ni Àǹtí Mossie wí láti ìjókòó wọn.

Royce dìde, ó ní gbogbo ìyẹn dára, àmọ́ ẹni tó kọ̀, ó kọ̀. Wọ́n tan ohùn náà. Kò dùn mí. Ọ̀gbẹ́ni Whitlow ní kí wọ́n tún un tàn. Kò dùn mí.

"Ìyáàfin Slone, kí lẹ ní lọ́kàn nígbà tí ẹ sọ báyìí?"

"Ohun tí mo sọ ni mo sọ, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àmọ́ kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Àǹtí Mossie wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ardith rí i pé ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ń jà pẹ̀lú ohun tí wọ́n nílò. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n na ìka. "Ẹ bi ọmọ tó jókòó síbẹ̀ yẹn. Ọmọ ọmọ Estill Combs ni. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí."

Gbogbo ilé yíjú sí Ardith. Royce ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò fura.

Ohun tó wá sí Ardith lọ́kàn ni Lẹ́tà Kẹsàn-án. Kí ni lẹ́tà yẹn, bí kò ṣe pé èèyàn kọ̀wé pé tẹlifóònù mi ò ṣiṣẹ́, ìjọba wá dá a lóhùn pé ohun tó wà nílé rẹ kì í ṣe tẹlifóònù? Láti ìgbà tó ti débí ni wọ́n ti ń sọ fáwọn ará òkè ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn túmọ̀ sí, òun náà sì wà lára àwọn tó ń sọ ọ́. Bí òun bá wá gba bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu ìyá arúgbó yìí, tí òun sọ ọ́ di rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ire wọn, kí ló kù tó jẹ́ tiwọn? Ẹ̀rù bà á gidi. Ó rí afárá pákó yẹn lójú ara rẹ̀ bí ó ṣe ń dìde.

"Ó túmọ̀ sí pé wọ́n gbà, sà," ni Ardith wí. "Lọ́dọ̀ wa, ó túmọ̀ sí pé kò ni wọ́n lára, kí wọ́n máa ṣe é lọ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé tẹlifóònù á kú bí iná bá lọ."

Royce jókòó. Ọ̀gbẹ́ni Whitlow bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.

"Ẹni tó bá ti gbà, ìpè rẹ̀ ti bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n sọ fún un àti ohun tí wọn ò sọ, òfin ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án mọ́," ni ó wí. "Ó dùn mí, Ìyáàfin Slone." Ardith wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó dùn ún lóòótọ́.

Lórí àtẹ̀gùn ìta, Ardith ò lè wo ojú ìyá náà. "Ẹ dárí jì mí, Àǹtí Mossie."

"Nítorí kí ni? Kì í ṣe èmi ni mo ní kí wọ́n bi ọ́ ni? Mo mọ̀ pé ẹnu mi fẹ́ parọ́, mo bá gbé e fún ẹ." Wọ́n gbé ìgò jáàmù lé e lọ́wọ́. "O sọ ọ́ dáadáa. Ìyá ńlá ẹ náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Orí kunkun ni wọ́n."

"Ta lẹ máa wá máa pè láàárọ̀?"

"Delphia ni mò ń pè. Àmọ́ mo ti sọ fún ẹ, kò lè wọ bàtà."

"Èmi ní bàtà, mà."

Àǹtí Mossie wò ó. "Láti ibí? Wákàtí mẹ́ta?"

"Ẹ máa pè mí."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Royce ò bá Ardith sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, Lẹ́tà Kẹsàn-án sì ń jáde lọ bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀. Àmọ́ láàárọ̀, ní aago méje, tẹlifóònù á dún lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé Ardith, á dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tí ọdún fi máa parí, kò lè mu kọfí rẹ̀ kí ó tó dún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kìíní, aago méje lù, kò dún. Redíò ti ń sọ láti àná pé yìnyín ti bo òkè. Ó di aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ardith pe Caney Lick, ó sì gbọ́ ọ tó ń dún létí rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, dáadáa báyìí. Ó mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe ohùn yẹn sóun létí. Ó gbé e sílẹ̀, ó pe ọlọ́pàá àdúgbò.

"Igi ti wó dí ọ̀nà mẹ́rìnlá, mà," ni ọkùnrin náà wí. "A ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ó lè di ọ̀la."

Ardith wọ bàtà.

Wákàtí mẹ́ta di márùn-ún. Ọ̀nà ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ọkọ̀ ń yọ̀, ó ń gbàdúrà, ó sì ń bá ara rẹ̀ jà ní gbogbo ọ̀nà: ìwọ lo sọ ọ́, ìwọ lo dìde níwájú gbogbo wọn tí o ní wọ́n gbà. Ká ní o fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, waya yẹn ì bá wà nílé. Bí ó bá débẹ̀ tí ìyá náà wà nílẹ̀, kí ni òtítọ́ rẹ̀ máa wò sàn?

Ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ilé Delphia tó ti ṣófo, ó fi ẹsẹ̀ rìn dé odò. Gbogbo nǹkan funfun, ó ń dán. Ó na ọwọ́ sí igi afárá, ó wo ibi tó fẹ́ tẹ̀, ó sì dúró. Ẹnì kan ti da eérú sórí pákó afárá náà, láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀, eérú èédú láti inú ààrò, ó dúdú lórí yìnyín, ti àárọ̀ yẹn ni. Ardith di igi náà mú, ó sunkún díẹ̀, ó wá kọjá.

Àǹtí Mossie ti ṣí ilẹ̀kùn kó tó kàn án, wọ́n ṣì wọ ẹ̀wù òtútù wọn.

"O pẹ́."

"Yìnyín ni, mà."

"Mo pè ọ́ láago méje. Àpótí náà ti kú. Nígbà tí mo rí i pé kò lọ, mo ní ọmọ yẹn á wá. Mo bá lọ da eérú. Ẹnì kan ti ṣubú níbẹ̀ nítorí mi, ó tó." Wọ́n fà á wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ilé náà gbóná, ìkòkò wà lórí ààrò. "Ẹ̀wà wà ńbẹ̀, búrẹ́dì àgbàdo náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ṣé wàá jẹun?"

Ardith bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní olú-ìlú, ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde.

"Kò dùn mí, mà."

Àǹtí Mossie ò bi í léèrè ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n gbé àwo kejì sórí tábìlì.